Ásùlù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi kán lẹ́ẹ̀kẹta: kí ló ń ṣẹ́ ẹ?

Ọmọ Ẹlẹ́mu, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ásùlù, ọ̀pá irin tó gba àárín wíìlì kọjá. Ọ̀nà Ìfẹ́wàrà ni ọ̀pẹ tí à ń dá wà. Àràárọ̀ ni mo ń so kẹ́ẹ̀gì ẹmu méjì, oní-25 lítà, mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ wọ Lágéré. Kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ ni, jíà méje ló wà lẹ́yìn, mẹ́ta níwájú. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ásùlù ẹ̀yìn ti kán mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Ti iwájú kò kán rí.

Ẹni tó ń tà á fún mi ní ẹrù mi ló pọ̀ jù. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n Raleigh kan ṣoṣo ni bàbá mi fi gbé ẹmu tó ju tèmi lọ, ojú ọ̀nà yìí kan náà, ó sì lò ó títí a fi dàgbà. A ò gbọ́ ọ rí pé ásùlù rẹ̀ kán. Ṣé irin ayé òde òní ni kò dára mọ́ ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n gùn?

Ọmọ Òṣú

Pẹ̀lẹ́, arákùnrin. Ó ti ṣe mí rí. Èmi gbé tèmi lọ bá wẹ́dà, ó jó o pọ̀, ó fi fáìlì ha ojú rẹ̀ dáadáa. Gbìyànjú rẹ̀ ná, kò wọ́nwó.

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Ọmọ Òṣú, ẹ má bínú o, ọjọ́ mélòó ni èyí tí wọ́n jó yẹn lò?

Ọmọ Òṣú

Ọjọ́ mẹ́rin, bàbá. Mo sì bá a rìn díẹ̀díẹ̀ ni.

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ nìyẹn. A kì í jó ásùlù. Iná ni wọ́n fi sọ irin yẹn di líle nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí iná wẹ́dà bá tún kàn án, líle yẹn á bàjẹ́ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó. Ibi tí wọ́n jó lè dúró, kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò kán. Tẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, ìyẹn ìlà wíwé tí nọ́ọ̀tì ń gùn, á sì ti yó mọ́ra, kóònù, nọ́ọ̀tì tí bọ́ọ̀lù wíìlì ń yí lé lórí, kò ní lè kọjá mọ́.

Àbúrò, kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn. Ọwọ́ wo ló ti kán, ṣé ọwọ́ ṣéènì ni àbí ọwọ́ kejì? Báwo ló ṣe jìnnà sí kóònù? Sì mú ègé méjèèjì lọ síbi tí oòrùn wà, kí o wo ojú ibi tó ti kán. Má fi aṣọ nù ún. Sọ ohun tí o bá rí níbẹ̀ fún mi, bó ti wù kó kéré tó.

Ọmọ Ẹlẹ́mu, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti lọ wò ó. Ọwọ́ ṣéènì ni. Mo sì rántí pé àwọn méjì ìṣáájú náà, ọwọ́ ṣéènì ni. Ibi tí kóònù ọ̀tún parí sí gan-an ló ti gé, ó dà bíi pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ.

Ojú rẹ̀ kò rí bákan náà. Ìdajì àti díẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó sì ní àwọn ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìpẹtà díẹ̀ wà níbi tí àwọn ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, létí nísàlẹ̀ tẹ́ẹ̀dì. Ìyókù funfun, ó rí ṣákaṣàka bíi ṣúgà onígun tí a fọ́.

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Ó tó. Kì í ṣe ọjọ́ tí o gbọ́ ìró rẹ̀ ló kán. Apá tó ṣókùnkùn yẹn ti sán tipẹ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí o rí, ibi tí sísán náà dúró sí kó tó tún tẹ̀síwájú ni. Ìpẹtà yẹn fi hàn pé omi òjò ti ń wọ ibẹ̀ kí ó tó já. Apá funfun ṣákaṣàka nìkan ló kù tó ń gbé ìwọ àti ẹmu rẹ, òun ló já lọ́jọ́ yẹn.

Bí ẹrù bá pọ̀ tó fi ṣẹ́ irin lẹ́ẹ̀kan náà, ásùlù á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó kán, gbogbo ojú rẹ̀ á sì rí ṣákaṣàka. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ irin yẹn ni. O mọ bí a ṣe ń já wáyà nígbà tí kò bá sí pílíásì: a ó tẹ̀ ẹ́ síwá, a ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò sí èyí tó le nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá yá, ó já. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló ń tẹ̀ ẹ́, àti kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹnjiníà, OAU

Ẹ jẹ́ kí n bá bàbá gbè é. Họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì tí sípóòkù so mọ́, ni ká wò, kí á tó dá irin lẹ́bi.

Ásùlù kò yí. Họ́ọ̀bù ló ń yí lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó wà láàárín kóònù àti họ́ọ̀bù ló ń gba ẹrù kọjá. Nítorí náà, ibi méjì ni ẹrù ti ń kan ásùlù: lórí kóònù òsì àti lórí kóònù ọ̀tún. Férémù sì di orí rẹ̀ méjèèjì mú lóde. Àlàfo tó wà láàárín kóònù àti férémù ni ásùlù ti ń tẹ̀. Bí àlàfo yẹn bá kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀ rárá. Bó bá gùn, ìyà dé. Gbé garawa omi kan mọ́ra, lẹ́yìn náà kí o na ọwọ́ rẹ jáde pẹ̀lú garawa kan náà. Omi kò lé sí i, ṣùgbọ́n èjìká rẹ á sọ fún ọ.

Ní kẹ̀kẹ́ tìrẹ, fíríwíìlì oníjíà méje, ohun tó kó jíà pọ̀ tó sì ń jẹ́ kí wíìlì máa yí nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró, ni wọ́n wé mọ́ họ́ọ̀bù láti ìta. Fíríwíìlì yẹn nípọn, bọ́ọ̀lù ọ̀tún sì wà nínú, lẹ́yìn gbogbo jíà. Ẹ̀gbọ́n, tí rúlà bá wà nítòsí yín, ẹ bá mi wọn láti kóònù dé ibi tí férémù ti di ásùlù mú, lọ́tùn-ún àti lósì.

Ọmọ Ẹlẹ́mu, Ilé-Ifẹ̀

Mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n. Òsì jẹ́ sẹ̀ntímítà kan lé díẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ mẹ́ta ààbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin. Háà! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ra kẹ̀kẹ́ yìí, n kò mọ̀ pé bó ṣe rí nínú nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹnjiníà, OAU

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ Raleigh bàbá yín nìyẹn o. Raleigh àtijọ́ kò ní ju jíà kan lọ lẹ́yìn. Fíríwíìlì rẹ̀ tinrín, kóònù ọ̀tún sún mọ́ férémù bí ti òsì. Láti férémù dé férémù, nǹkan bí 110 mílímítà ni. Tiyín jẹ́ 135. Ásùlù Raleigh tilẹ̀ tinrín ju tiyín lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínǹṣì, ìyẹn 9.5 mílímítà, nígbà tí tiyín jẹ́ 10. Síbẹ̀ òun ló pẹ́. Ibi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí ló fi ju tiyín lọ.

Ohun kejì ni ṣéènì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kan náà ló ń fà, iwájú ló sì ń fà á sí. Ká ní ẹ wọn 70 kìlógíráàmù, tí ẹ dìde dúró lórí pẹ́dàlì kan lórí òkè. Apá pẹ́dàlì gùn tó 170 mílímítà. Bí jíà iwájú bá jẹ́ eléyín 44, agbára tí ṣéènì fi ń fa họ́ọ̀bù á ju 130 kìlógíráàmù lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ sí jíà kékeré iwájú, eléyín 28, ó ti lé ní 200. Ẹsẹ̀ á fúyẹ́ lóòótọ́, nítorí ẹ ó fi ìrọ̀rùn gun òkè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún dìde tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára nínú jíà kékeré yẹn, ásùlù ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ tẹ̀, ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí pẹ́dàlì bá ń yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìtẹ̀ 120 nìyẹn. Wákàtí kan jẹ́ 7,200. Wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, ó lé ní 180,000. Ẹ wá fi kòtò kún un.

Tọ́nà Ṣábó, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi ń tọ́nù irin ní Ṣábó, wọ́n sì máa ń gbé ásùlù kẹ̀kẹ́ wá bá mi kí n fi ọ̀pá irin ìkọ́lé ṣe é. N kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni mọ́. Irin ìkọ́lé rọ̀, ó tẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ẹ wo tẹ́ẹ̀dì náà. Gbogbo ìsàlẹ̀ tẹ́ẹ̀dì jẹ́ ẹnu kan tó mú, ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, bí àbúrò wa ṣe rí i. Ọ̀nà méjì la fi ń ṣe tẹ́ẹ̀dì. A lè fi ọ̀bẹ gé e jáde, èyí ni èmi ń ṣe; ọ̀bẹ á gé ìṣàn irin já, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì mú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ni, wọ́n á yí ọ̀pá náà láàárín irin méjì tó ti ní ojú tẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n tẹ̀ kì í tètè sán. Tí o bá ń ra ásùlù, fi èékánná kàn án, fi ojú wò ó: tẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ̀ ń dán nísàlẹ̀, kò ní ìhá kankan. Èyí tó bá ní ìhá tàbí orí ṣákaṣàka, dá a padà fún wọn.

Ní ti bí ásùlù ṣe nípọn tó, díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Agbára rẹ̀ láti gba ìtẹ̀ ń bá ìbú × ìbú × ìbú rẹ̀ lọ. Láti 9.5 dé 10 mílímítà, nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni a jèrè. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fò, tí wọ́n ń pè ní BMX, máa ń lo 14 mílímítà. Ti 10 kò tó ìdajì rẹ̀ lágbára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ́ láti òkè tí kò kán.

Ọmọ Òṣú

Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni pé èyí tó ní ihò nínú, tí wọ́n fi ọ̀pá tinrín kan há láìlo sípánà, ló burú jù?

Tọ́nà Ṣábó, Ilé-Ifẹ̀

Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá irin ló ń gba ìtẹ̀, àárín rẹ̀ ń sinmi. Ihò 5 mílímítà nínú ásùlù 10 kò mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú agbára rẹ̀. Ewu tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni pé ó lè kán kí ẹni tó gùn ún má mọ̀, nítorí ọ̀pá tinrín yẹn ṣì di ègé méjèèjì mọ́ra. Ènìyàn á kàn máa rí i pé táyà ń kan búrékì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí jíà sì máa fò.

Ìyá Ẹlẹ́pọ, Ẹdúnàbọ̀n

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Orí kẹ̀kẹ́ ni ọmọ mi ọkùnrin fi ń gbé epo pupa dé Ìpetumodu fún mi. Ohun tí a rí ni pé káríà wa, ásùlù gan-an ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, níta férémù. Gbogbo epo wá jókòó sórí ásùlù ní ìpẹ̀kun. Nígbà tí a ní kí wẹ́dà jó etí méjì mọ́ férémù, tí a so ẹsẹ̀ káríà mọ́ ibẹ̀, ó dínkù púpọ̀. Férémù ni kí wẹ́dà jó o, kì í ṣe ásùlù.

Ọmọ Ẹlẹ́mu, báwo lo ṣe ń so tìrẹ? Tí kẹ́ẹ̀gì méjèèjì bá wà lẹ́yìn pátápátá, fà wọ́n síwájú, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí rẹ. Jẹ́ kí ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n rẹlẹ̀. Okùn rọ́bà ni kí o fi dì í, má lo èyí tí kì í nà, nítorí ẹrù tó bá ń fò lókè káríà tún ń já lu ásùlù lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Ẹlẹ́mu, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, mà. Ásùlù lèmi náà so ó mọ́. Mo máa tú u lónìí. Bàbá Iléṣà, kí ni kí n wá rà báyìí?

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Má tíì ra nǹkan kan. Bí férémù rẹ bá wọ́, ásùlù tuntun wúrà ni kò ní pẹ́. Ẹnu férémù méjèèjì, níbi tí ásùlù ń wọ̀, gbọ́dọ̀ kọjú síra gbọọrọ. Bí ọ̀kan bá yà, nígbà tí o bá fún nọ́ọ̀tì, ńṣe lò ń fi sípánà tẹ ásùlù kó tó dé ọ̀nà rárá.

Ásùlù tó kán yẹn gan-an ni wàá fi wò ó. Fi ègé gígùn sẹ́nu férémù òsì, fi nọ́ọ̀tì há a nínú àti lóde. Ṣe èyí kúkurú bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún. Bó bá kúrú jù, wá bọ́ọ̀tì gígùn kan tó bára mu pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wò ó láti ẹ̀yìn, kí o tún wò ó láti òkè. Orí méjèèjì gbọ́dọ̀ wojú ara wọn bí ìka méjì tó fẹ́ kanra. Bí ọ̀kan bá wo ilẹ̀, tí èkejì wo ọ̀run, ọ̀rọ̀ rẹ ti yé mi.

Ọmọ Ẹlẹ́mu, Ilé-Ifẹ̀

Mo ti ṣe é. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ń wo ilẹ̀, ó sì yà sẹ́yìn díẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn tó ìka ọwọ́ kan. Mo rántí pé kẹ̀kẹ́ yìí ṣubú lé mi lórí pẹ̀lú ẹrù lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún ló fi lélẹ̀.

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Ó dára tí o rí i. Fi sípánà ńlá tó di pẹpẹ irin ẹnu férémù yẹn mú dáadáa, fi sùúrù tẹ̀ ẹ́ padà, máa wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí orí méjèèjì á fi kojú síra. Irin ni férémù rẹ, ó ṣeé tẹ̀. Ẹni tó bá ní férémù alumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ dán an wò, yóò sán ni.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ rírà. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, wá wíìlì ẹ̀yìn tó jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, má ra fíríwíìlì mọ́. Láti 1978 ni Shimano, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ti ń ta irú họ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n mú ohun tó ń dún "tíkí-tíkí" nínú fíríwíìlì wọ inú họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù ọ̀tún jáde sí ìpẹ̀kun, sábẹ́ jíà tó kéré jù. Àlàfo mẹ́ta ààbọ̀ tí o wọ̀n yẹn kò sí mọ́. Ásùlù 10 mílímítà kan náà ni, ṣùgbọ́n kò ráyè tẹ̀.

Bí o ṣe máa dá a mọ̀: wo àárín jíà, wàá rí eyín wẹ́wẹ́ tí irinṣẹ́ ń wọ̀. Fi ọwọ́ yí jíà sẹ́yìn. Bí eyín wẹ́wẹ́ yẹn bá ń bá jíà yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Bó bá dúró sójú kan tí jíà nìkan ń yí, fíríwíìlì ni, fi sílẹ̀ fún wọn.

Wọn àárín férémù rẹ kí o tó lọ. 135 ni kí o béèrè. Kẹ̀kẹ́ eré tí táyà rẹ̀ tinrín jẹ́ 130, má fi nọ́ọ̀tì fa férémù pọ̀ kó lè bá a mu, nítorí ẹnu rẹ̀ á tún yà. Bí ó bá jẹ́ họ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe fún jíà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lo rí, jíà méje rẹ á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ki òrùka 4.5 mílímítà sẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa mì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹnjiníà, OAU

Kí wọ́n tú u wò kí wọ́n tó sanwó, bàbá. Tòkunbọ̀ náà lè ní ásùlù tó ti tẹ̀.

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Òótọ́ ni. Di orí ásùlù mú, fi ọwọ́ yí i. Bó bá ń le níbì kan tó sì ń rọ̀ níbòmíràn, ó ti tẹ̀ tàbí kóònù ti jẹ. Bí wọ́n bá gbà kí o yọ ọ́, yí i lórí gíláàsì lúfà. Èyí tó tẹ̀ á máa jó, wàá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, oní-ìdá-mẹ́rin ínǹṣì, ló ń wọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, fi gírísì tuntun sí i.

Ọmọ Òṣú

Ẹni tí kò bá rí kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Iléṣà

Kó padà sí jíà kan bí ti bàbá ọmọ yìí. Fíríwíìlì jíà kan ń wé mọ́ họ́ọ̀bù kan náà. Kó wá kó wáṣà kúrò lọ́tùn-ún, kó fi kún òsì, kí àlàfo náà lè kúrú, kó sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fa sípóòkù kí wíìlì lè padà sí àárín. Òkè Iléṣà á ṣòro fún un, n kò ní purọ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ tì í níbòmíràn.

Ọmọ Ẹlẹ́mu, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo rí wíìlì náà, kásẹ́ẹ̀tì ni, mo yí jíà sẹ́yìn lójú ẹni tó ń tà á, eyín wẹ́wẹ́ yẹn bá a yí. Mo ti tẹ ẹnu férémù padà, káríà ti kúrò lórí ásùlù. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo tú u láàárọ̀ yìí kí n tó lọ sóko, mo yí ásùlù lórí lúfà ojú fèrèsé wa. Kò jó rárá. Mo ti dà á padà pẹ̀lú gírísì, ẹmu àárọ̀ yìí sì ti dé Lágéré.